Ojú Ìwé Tí Bàbá Mi Ti Ń Rẹ́rìn-ín

Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ ní yunifásítì ìlú òyìnbó padà fún mi, ìbéèrè kan náà ni olùkọ́ mi kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́ pé àwọn obìnrin abúlé wa máa ń pọn omi odò kí wọ́n tó lọ sóko. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi náà á di ẹrẹ̀, a ó sì máa fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó ṣeé mu. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ilé ìkàwé nínú òtútù, mo ń ka ìbéèrè náà lọ, mo sì ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Orí mi ló ru omi náà.

Abà Aláró ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, Ẹ̀rúnmu ló ti máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀kadà ni yóò sì gbé e wọlé, bí òjò kò bá tíì ba ọ̀nà jẹ́. Bàbá mi, Ràímì, ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó sì ní kòkó díẹ̀ tó jogún. Ìyá mi ń yan gàrí. Èmi nìkan ni mo kàwé jìnnà nínú ilé wa. Mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Mòníyà kí ọ̀nà ìlú òyìnbó tó là fún mi, pé kí n wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa omi àti ìlera àwọn ará oko. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ ló ń gbé mi lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ohun tí mo mọ̀ kò tíì di nǹkan kan, àfi bí ẹlòmíràn bá ti kọ ọ́ síbì kan.

Àwọn nǹkan mìíràn náà bá mi lójijì. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ, ní kí n máa pe òun ní Jéènì. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Dókítà títí mo fi ṣe tán, kò sì yé e ìdí tí mo fi ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo bá wọ yàrá rẹ̀. Ilé tí mò ń gbé, a pọ̀ níbẹ̀, ìdáná kan náà la sì ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ju “báwo ni” lọ. Nílé, bí mo bá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe mí. Níbẹ̀, mo lè dákẹ́ dọ̀la.

Jéènì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Mo ti da àdírẹ́sì ìkànnì ayélujára lásán sí abẹ́ iṣẹ́ mi, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bí ìkànnì àjọ kan kò bá sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, orúkọ àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí n fi sípò òǹkọ̀wé. Kí n kọ ọdún tí wọ́n gbé e jáde, bí kò bá sì ní ọdún, kí n sọ pé kò ní. Kí n kọ àkòrí rẹ̀, kí n kọ àdírẹ́sì ojú ìwé náà gan-an, kí n má kàn mú ẹni tó ń kàwé dé ẹnu ọ̀nà ìkànnì kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n kọ ọjọ́ tí mo kà á. Mo bi í pé kí ni ọjọ́ tí mo kà á fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú ìwé lórí ayélujára máa ń yí padà, òmíràn kì í tilẹ̀ pẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ rere, kò sì wọ̀ mí lára.

Nígbà tó ṣe, ó tó àkókò láti kọ iṣẹ́ ńlá tí wọn yóò fi fún mi ní oyè. Mo yan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tí àwọn àjọ máa ń gbẹ́ sí abúlé, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ kí omi tó jáde. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nílé ìkàwé, mò ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí ìkànnì àwọn àjọ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí ojú ìwé kan tó ń sọ nípa àwọn abúlé agbègbè Ẹgbẹ́dá. Mo kọ́kọ́ rí igi ìṣín ẹ̀yìnkùlé wa. Ìgbà tí mo rí igi náà ni mo tó wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

Bàbá mi ni. Ó di irin ẹ̀rọ omi mú, omi ń ya sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ bàbá mi ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Nínú gbogbo èyí tí a ní nílé, títí kan èyí tí a yà lọ́jọ́ tí mo gboyè nílé, ṣe ló le ojú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Èyí yàtọ̀. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, àlàfo eyín iwájú rẹ̀ hàn, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣi orúkọ abúlé wa kọ, wọ́n sì pe bàbá mi ní Ráhíìmù. Wọ́n ní ó sọ pé: “Ayé wa ti yí padà. Àwọn ìyàwó wa kì í rìn jìnnà wá omi mọ́. A dúpẹ́.” Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé omi tó mọ́ ni gbogbo abúlé náà ń mu títí di òní.

Mo mọ ẹ̀rọ omi náà. Mòníyà ni mo wà nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, mo sì mu nínú omi rẹ̀ nígbà tí mo wálé fún Iléyá. Mo tún mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kí n tó kúrò nílé, pé àwọn ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ọn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Múfútáù, nítorí fóònù rẹ̀ ló máa ń rí nẹ́tíwọ̀kì. Ó gbé e lọ fún Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Mo sọ fún Bàbá pé mo rí i lórí ayélujára. Ó bi mí pé kí ni òun wọ̀. Mo ní bùbá aláwọ̀ ewé yẹn ni, ó sì ní aṣọ náà ti gbó, ìyá mi ti fi nu ilẹ̀. Nígbà tí mo ka ìyókù fún un, pé omi ṣì ń yọ, ó ní kò yọ mọ́. Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni nǹkan kan já nínú rẹ̀, pé wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó àjọ náà títí, kò wọlé, àti pé ọmọ Ẹ̀rúnmu kan tó mọ̀ nípa irin wò ó, ó ní irú ohun tó já náà kò sí lọ́jà.

“Fi í sínú ìwé rẹ pé ó ti bàjẹ́,” ni Bàbá wí. “Bóyá ẹni tó bá kà á á rán wọn wá.”

Mo ní màá fi í sí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Jéènì. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n lo ojú ìwé àjọ náà, ṣùgbọ́n kí n má kọ ọ́ bí ẹni pé òótọ́ ni. Kí n kọ ọ́ pé àjọ náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n wá gbé ọ̀rọ̀ bàbá mi tì í. Inú mi dùn. Ó wá ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kò rí bí ìwé. Orúkọ bàbá mi lè wà láàárín iṣẹ́ mi, nínú àkámọ́, ṣùgbọ́n kò lè wọ àkójọ tó máa ń wà lẹ́yìn, níbi tí a ń to àwọn ìwé àti ìkànnì tí a ti mú ọ̀rọ̀ sí.

“Kí ló dé tí kò fi lè wà níbẹ̀?” ni mo bi í.

“Nítorí pé ẹni tó bá ń ka ìwé rẹ kò ní lè rí i.”

Mo ní ó wà ní Abà Aláró. Mo ní Ẹ̀rúnmu lèèyàn ti máa sọ̀kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀, àti pé òfin iṣẹ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe jáde, mo ń rò ó. Àjọ tó wá sí abúlé wa lẹ́ẹ̀kan, tó ṣi orúkọ wa kọ, òun ni ẹni tí ayé lè rí. Bàbá mi tó ti ń jí níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, òun ni kò ṣeé rí. Mo ti ń gbé nílùú náà tipẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo mọ irú àjèjì tí mo jẹ́. Kì í ṣe àwọ̀ mi ni, kì í sì í ṣe ohùn mi. Gbogbo ẹni tí mo lè fi ṣẹ̀rí ara mi ni kò sí nínú àkójọ ẹnikẹ́ni.

Mo kọ lẹ́tà orí ayélujára sí àjọ náà. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ pé ẹ̀rọ omi Abà Aláró ti bàjẹ́, mo fi nọ́ńbà Múfútáù sí i. Ẹnì kan dáhùn pé àwọn dúpẹ́, àwọn yóò wò ó. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní kí Múfútáù máa gba agbára sínú fóònù rẹ̀ dáadáa, kí ìpè wọn má baà kọjá lára rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀. A ń wẹ̀ wọ́n, a ń wọ aṣọ fún wọn, a ń bọ́ wọn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dórótì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ṣíbí sí òun lẹ́nu àfi èmi. Mo ṣí ojú ìwé náà hàn án lórí fóònù mi lọ́jọ́ kan, mo ní bàbá mi nìyí. Ó fi ìka kan ojú Bàbá, ó ní ọkùnrin yìí mọ ẹ̀rín rín. Nínú gbogbo ìlú náà, òun nìkan ló mọ bàbá mi lójú. Láti ìgbà náà, mo máa ń ṣí i wò bí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì, kí ọwọ́ mi tó gan. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n gbé fọ́tò náà pamọ́ sínú fóònù mi. Mo rò pé ibi tó wà náà ni ibi tí kò ti lè sọnù.

Ìgbà òtútù ni Bàbá ṣubú nínú oko. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Múfútáù gbé e dé Ẹgbẹ́dá, àwọn yẹn ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn, kò sì dé Ìbàdàn. Fóònù mi wà nínú àpótí tí a ń kó ẹrù sí níbi iṣẹ́, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a mú un wọ yàrá àwọn arúgbó. Ìgbà tí mo fi jáde, tí mo rí gbogbo ìpè náà, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Ìyá mi gba fóònù, ó pe oríkì mi. A kàn ń gbọ́ èémí ara wa títí owó ìpè fi tán.

Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà nílùú náà, àwọn ará Pakísítàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin wà. N kò gbọ́ èdè ìwáàsí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ àdúà, ìyẹn kò yàtọ̀ sí tilé. Obìnrin ará Sòmálíà kan rí i pé mò ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú títí a fi ṣe tán, kò bi mí ní nǹkan kan. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Nílé, wọ́n ń ṣe àdúà fídáù, Múfútáù sì ní èrò pọ̀, wọ́n wá láti Ẹ̀rúnmu àti láti Ẹgbẹ́dá. Mo rò ó pé àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí wọ́n ti lè rí bàbá mi, wọn kò sì béèrè àdírẹ́sì.

Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo dúró de bọ́ọ̀sì, mo ṣí ojú ìwé náà láti rí ojú Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ló jáde: a kò rí ojú ìwé tí ẹ ń wá. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo ṣí i títí bọ́ọ̀sì fi dé, mo tún ń ṣí i nínú bọ́ọ̀sì.

Mo kọ̀wé sí àjọ náà. Ẹni tó dáhùn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ẹ̀rọ omi náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí pé ohun tó wà lójú ìwé náà kì í ṣe òótọ́ mọ́, àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Mo béèrè ìgbà tí wọn yóò wá tún un ṣe. Ó ní iṣẹ́ agbègbè náà ti parí. Mo béèrè fọ́tò bàbá mi. Ó ní ẹni tó yà á kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́, òun kò sì mọ ibi tí ó kó àwọn fọ́tò sí.

Èyí ni àtúnṣe tí lẹ́tà mi mú wá. Ẹ̀rọ omi kò yí padà, ìkànnì ló yí padà.

Mo bi Dórótì bóyá ó rántí ọkùnrin tí mo fi hàn án nínú fóònù. Ó wò mí lójú, ó bi mí pé ṣé èmi ni ọmọ òun obìnrin. Mo ní rárá, mo sì fi ṣíbí sí i lẹ́nu.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ló ràn mí lọ́wọ́, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní ibì kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ìwé àtijọ́ sí. Ó tẹ àdírẹ́sì tí mo ti kọ sílẹ̀ sínú rẹ̀, a jọ ń wò ó. Ojú ìwé náà jáde. Orúkọ abúlé wa tí wọ́n ṣì kọ jáde, Ráhíìmù jáde, “ayé wa ti yí padà” jáde. Ibi tí fọ́tò yẹ kó wà ṣófo, àpótí funfun kan ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń rí kó, àwòrán kì í fìgbà gbogbo bá a wá. Ó bẹ̀ mí, bí ẹni pé òun ló yọ ọ́. Jéènì ní ẹ̀dà náà tó fún iṣẹ́ mi, kí n kọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo kà á. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, àmì kan kò yẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà yege. Wọ́n yìn ín pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn àjọ wò. Mo ra àkàrà òyìnbó kékeré kan, mo gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́ fún mi, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn díẹ̀, n kò ní sẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe ìyá mi. Ó gbàdúrà fún mi, ó wá ní kí n ka ohun tí mo kọ nípa bàbá mi fún òun. Mo ka ọ̀rọ̀ tí àjọ náà ní ó sọ, mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

“Wọ́n bu ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ,” ni ìyá mi wí. “Mo wà níbẹ̀. Omi ta sí bàtà ọkùnrin tó ń ya fọ́tò, òun ni bàbá ẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dúpẹ́, ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó ń túmọ̀ ò sọ ọ́ fún wọn.”

Mo bi í pé kí ni Bàbá béèrè, ó sì sọ ọ́ fún mi. N kò lè fi í sínú iṣẹ́ mi mọ́. Wọ́n ti dì í, ó ti wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé wọn. Nítorí náà mo kọ ọ́ síbí. Bàbá mi bi wọ́n pé bí ó bá bàjẹ́, ta ni kí àwọn pè, àti pé kí wọ́n kọ́ ẹnì kan nínú àwọn ní bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kí wọ́n tó máa lọ. Ràímì ló sọ bẹ́ẹ̀, ní Abà Aláró, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi náà. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ.